Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Wá Mú Mi Lọ

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti mú mi kúrò ní ilé ọmọ òrukàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Mo jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ wa ni," ó sọ fún Màmá tó ń tọ́jú wa. "Mo ti bá a rí ibi tí yóò ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Ìbàdàn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò ní pẹ́ parí iṣẹ́ aránṣọ tó ń kọ́, kó sì gba fíríìdọ̀mù," ni Màmá wí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọjú sí. "Dìde, lọ kó ẹrù rẹ."

Ta ni mo jẹ́ tí n ó sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé n kò lọ? Mo kúnlẹ̀, mo fa téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín. Bùbá yín ni mo fẹ́ rán fún fíríìdọ̀mù mi. Ẹ̀yin lẹ ó wọ̀ ọ́ wá síbẹ̀."

Ó tẹjú mọ́ mi. Ojú rẹ̀ le koko. Téèpù ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó sì na apá rẹ̀ méjèèjì.

Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù mi, ó wọ bùbá náà wá. Apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ, nítorí ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo wọ̀n ọ́n. Títí dòní, kò gbà kí n tún un ṣe.