Dàbínù fún Sàlíhù

Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèlú, bí ẹ bá dé Mabera ní Sókótó tí ẹ bèèrè Àsíátù olóbì, ọmọ ilé ìwé ni yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, pẹ́lẹ́ńgẹ́ obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, tó lè fi èdè Hausa nájà títí oníbàárà yóò fi máa tọrọ gáfárà. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè sọ, òun náà ló sì ń sùn lé lórí.

Sàlíhù ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ yàrá. Nígbà tó kú lójijì, àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Sókótó ní ẹni tó kọ́lé kì í sùn nínú igbó, inú ilé rẹ̀ ni àwọn yóò sin ín sí bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Wọ́n mọ̀ pé àwọn Hausa kò ní gbà, nítorí itẹ́ òkú ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń sìnkú sí. Wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ ní ìdájí, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n rẹ́ ilẹ̀ yàrá padà, wọ́n sì sọ fún àdúgbò pé ọkọ̀ akẹ́rù ti gbé e lọ sílé. Ọgbọ́n burúkú gbáà! Àjò kì í dùn kí onílé má relé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé irọ́ ni a fi ń relé?

Garba aládùúgbò wọn, ọ̀rẹ́ Sàlíhù, ló gba irọ́ náà gbọ́ jù. Ó sunkún pé òun kò kírun sí ọ̀rẹ́ òun lára. Lọ́dọọdún ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ dàbínù wá: "Àsíátù, bá mi fi rán ẹni tó bá ń lọ sílé yín, kí wọ́n fi ṣe sàárà lórí sàréè rẹ̀." Àsíátù kò jẹ ẹyọ kan níbẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tó wà níwájú ilé rẹ̀ ló ti ń pín in fáwọn ọmọ.

Ìgbà tó yá, ìgbìmọ̀ ìlú pinnu láti fẹ ọ̀nà ilé ìwé, kí wọ́n la gọ́tà, kí wọ́n sì fa omi ẹ̀rọ wọ inú ọgbà. Gbogbo àdúgbò ń yọ̀. Àsíátù ń wo èèkàn funfun tí wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, okùn tí wọ́n ta mọ́ wọn sì kọjú sí yàrá rẹ̀ gan-an. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ni Yorùbá wí, ṣùgbọ́n Sàlíhù ti kú, ẹ̀sín náà sì tún ń bọ̀.

Èèkàn dé ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé awọnlẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, ọmọ Ìjẹ̀bú, dọ̀bálẹ̀ kí i. Garba ni ẹlẹ́rìí àdúgbò, akọ̀wé sì ń túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ sí Hausa fún un.

"Ìyá, yàrá iwájú yìí yóò lọ, wọn yóò kọ́ òmíràn fún yín sẹ́yìn. Ṣé kànga tàbí sàréè wà níbẹ̀? Bí sàréè bá wà, a óò yà fún un. A ti yà fún ọ̀kan lọ́hùn-ún."

Ọ̀rọ̀ dé ètè Àsíátù. Garba ti rẹ́rìn-ín.

"Haba! Sàréè kẹ̀? Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sàlíhù wà. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Àsíátù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Málàm. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Lọ́jọ́ tí àwọn lébìrà wó yàrá náà, ó jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Ìró náà dún, ó dún, ó sì dákẹ́ lójijì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nígbà tó jáde, àwọn lébìrà ti ṣí fìlà. Garba wà nínú kòtò, ó kúnlẹ̀ ti aṣọ funfun tó ti jẹrà.

"Dàbínù mi ńkọ́?"

"Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni mo ti ń fi ṣe sàárà, Málàm. Wallahi, iwájú sàréè rẹ̀ níbí náà ni."

Garba kò wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó tú láwàní orí rẹ̀, ó fi kó egungun ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n pe lèmọ́mù wá, pé òun yóò kí ìrun tí wọ́n fi du òun.

Àwọn ọkùnrin gbé Sàlíhù, wọ́n kọrí sí ẹ̀yìn odi. Àsíátù ń sunkún tẹ̀lé wọn dé ìkóríta. Garba na ọwọ́, ó dá a dúró, nítorí obìnrin kì í sin òkú dé itẹ́ níbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó padà wá júwe ojú ibẹ̀ fún un. Obìnrin tó ti ń sùn ti ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kú kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà mọ́.