Ọjọ́ Tí Ìyá Ìyàwó Mi Fẹsẹ̀ Rìn Níwájú Jíìpù Mi

Tí o bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Ọ̀bà-Ilé rí lẹ́yìn òjò, wàá mọ òórùn tí mò ń sọ: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti bá ẹrẹ̀ pò, rọ́bà tó jóná díẹ̀, àti èéfín bọ̀ọ̀lì tí ìyá kan ń sun lẹ́bàá títì. Títí di òní, bí òórùn yẹn bá gba imú mi kọjá, ojú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, bí ẹni pé àná ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Ìtìjú náà ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀. Jíìpù tòkunbọ̀ kan ni mo ní nígbà náà, irú èyí tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró. Kò ní sípíríǹgì bíi tàwọn ọkọ̀ yòókù. Báàgì rọ́bà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ á sì kún inú wọn. Bọ́tìnnì kan wà níwájú mi: mo tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á rọra wálẹ̀, mo tún un tẹ̀, á dìde. Háà, mo fi bọ́tìnnì yẹn ṣe fáàrí! Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn báàgì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, fáàrí di yẹ̀yẹ́. Tí mo bá jí láàárọ̀ nílé mi ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́, mà á bá ọkọ̀ nílẹ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Aládùúgbò mi á yọ orí lókè fẹ́ǹsì: “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín ò tíì jí o!” Ní ọ́fíìsì wa ní Alágbàká, wọ́n ní ààwẹ̀ ló ń gbà tí kò fi lágbára àtidìde. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí wọra. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ò tíì fẹ́ kú, mo bá wa ọkọ̀ gba Ọ̀bà-Ilé lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fi ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ìyá ìyàwó mi ni, tó ń gbé ní Oǹdó, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá gbẹ̀yìn oṣù, èmi àti ìyàwó mi máa ń gbéra láti Àkúrẹ́ lọ bá a jọ́sìn. Bí ìsìn bá ti parí, mà á tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ á wálẹ̀, màmá á kàn fi ìdí lé àga, á fa ẹsẹ̀ wọlé, á sì tún gèlè rẹ̀ ṣe. Kò sẹ́ni tó ní láti fọwọ́ kàn án. “Ọkọ̀ àna mi lẹ́kọ̀ọ́ ilé,” á máa wí fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, “ó ń kúnlẹ̀ kí mi.” Àwọn ìyá á rẹ́rìn-ín títí, èmi náà á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ o. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì ní kí a yọ afẹ́fẹ́ dànù kí a fi sípíríǹgì rọ́pò rẹ̀, màmá ò wá sí mi lọ́kàn rárá. “Ọ̀gá, ẹ máa gbàgbé pé ẹ tiẹ̀ ní wàhálà rí,” ló wí, òótọ́ ló sì sọ. Wọ́n yọ àwọn báàgì tó ti ya, wọ́n gbé irin lílọ́ sí ipò wọn, wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, ó dúró gbọin-gbọin. Ó tilẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dìídì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi: “Ẹ jáde wá wò ó, ó ti jí!”

Ọjọ́ Ìsinmi ìparí oṣù dé. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni mo lọ. Màmá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú nítorí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló fi ọkọ̀ kékeré gbé e lọ, onítọ̀hún sì ti bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìsìn, màmá mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń bọ̀ níbi tí mo páàkì sí, àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e tẹ̀rín-tẹ̀rín, torí wọ́n fẹ́ràn àtimáa wo ọkọ̀ tó ń kúnlẹ̀. Ìka mi lọ síbi bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, òógùn sì bò mí.

Màmá dúró níwájú ilẹ̀kùn tí mo ṣí sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀, kò dé ibẹ̀. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó tún gbìyànjú, ìró rẹ̀ fẹ́ tú, ó yára dì í mú. Ẹnì kan gbé àga wá látinú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó ń mì lábẹ́ rẹ̀, màmá sì sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Kí lèmi fẹ́ ṣe? Ọkọ ọmọ kì í gbá ìyá ìyàwó rẹ̀ mú ní ìbàdí lójú gbogbo ìjọ. Ó sàn kí n má dá a láṣà. Bàbá kan tí màmá ti kọ́ ní ìwé rí bọ́ síwájú, ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ ká gbé yín.” Màmá wò ó. “Mi ò tíì kú,” ó ní. “Tí mo bá kú, kí ẹ gbé mi nígbà náà.” Kò pariwo, àmọ́ bàbá náà fà sẹ́yìn.

Wọ́n ní kó wọ ọkọ̀ kékeré ẹlòmíì. Ó kọ̀ jálẹ̀. “Àna mi wá láti Àkúrẹ́ torí tèmi, kí n wá wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lójú rẹ̀?” Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ ọ́, pé kò ní bu ẹ̀tẹ́ kankan lù mí. Ó ní rárá, ó yíjú sí ọ̀nà ilé. “Ẹsẹ̀ mi ń fẹ́ ìrìn. Ẹ máa wa ọkọ̀ yín bọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá arúgbó ń fi ọ̀pá gun òkè lọ nínú oòrùn ọ̀sán, tí èmi jókòó sínú jíìpù gíga, tí mò ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń da ewúrẹ́. Mo páàkì lẹ́ẹ̀kan, mo sọ̀ kalẹ̀ láti bá a rìn. Ó lé mi padà, ó ní kí àwọn èèyàn má lọ máa sọ pé ọkọ̀ àna òun kú sọ́nà. Ọlọ́kadà kan kọjá, ó kígbe, “Ọ̀gá, ẹ gbé màmá yìí jàre! Irú ìkà wo rèé?” Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ṣùgbọ́n ti ọlọ́kadà ò dùn mí tó ti màmá fúnra rẹ̀. Ojúlé tó bá kọjá ni wọ́n ti ń bi í pé, “Mà, ṣé kò sí o?” Á dúró, á fọwọ́ nu ojú, á rẹ́rìn-ín sí wọn: “Kò sí nǹkan kan o! Àna mi ló ń sìn mí lọ sílé.” Nígbà tó yá, mo yí gíláàsì sókè kí n má baà gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí a délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ní kí wọ́n gbé iyán fún mi kí òun tó bọ́ bàtà. Ó jókòó, ó ń wo bí mo ṣe ń jẹun, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ọkọ̀ yín, ṣé kì í sùn mọ́?”

“Kì í sùn mọ́, mà.”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n ti fi yín ṣẹ̀sín tó.”

Mi ò mọ̀ pé ó ti gbọ́ nípa ẹ̀sín náà. Ọ̀rẹ́ mi, mo fọ ọwọ́ kúrò nínú iyán yẹn. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n jó irin àtẹ̀gùn mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn. Màmá dúpẹ́, ó súre fún mi, àmọ́ kò gùn ún rí lẹ́ẹ̀kan. Ìsìn ìdájí ló ń bá aládùúgbò rẹ̀ ọlọ́kọ̀ kékeré lọ láti ìgbà náà. Kí a tó dé láti Àkúrẹ́, á ti padà délé, á ti jókòó, á ní afẹ́fẹ́ ìdájí tura. Ìyàwó mi ló wá sọ òdodo fún mi: màmá ò fẹ́ kí ojú tì mí níbẹ̀ mọ́.

Mo ti rò pé mo ju ìtìjú mi nù sí Ọ̀bà-Ilé pẹ̀lú àwọn báàgì jíjò yẹn. Irọ́ ni. Ìyá àgbà ni mo gbé e lé lórí. Ó rù ú gun òkè, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé tèmi ni.