Ìyá Alápò àti Ejò Ẹ̀yìnkùlé

"Má mira! Mo ní o ò gbọdọ̀ mira!"

Ìyá Alápò fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mi mú, mo sì ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń dè. Paramọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù mí ṣán lọ́rùn ẹsẹ̀ ni, lẹ́yìn òkìtì àpò rẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀lù mi yí sí. Oró náà ń ta mí bí iná. Ará ilé ti pé lé wa lórí. Mo na ìka sí ìyá arúgbó náà, mo ní, "Òun ló rán an sí mi!"

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọjọ́ pẹ́ tí gbogbo ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ ti ń fura sí i. Òun nìkan ló ń dá gbé yàrá ìgbẹ̀yìn. Àpò ìrẹsì àti ti ṣúgà tí wọ́n ti tú ẹrù inú wọn ní èbúté Kirikiri ló ń rà, tó ń fọ̀, tó ń rán, tó ń tà. Ẹ̀yìnkùlé máa ń rùn fún ọṣẹ àti ìrẹsì kíkan. Láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan àpò kankan, á fi ọ̀pá lù ú, pàà, pàà, á wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹni tó bá wà níbẹ̀, kó máa lọ o." Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Màmá mi ní ejò rẹ̀ ni. Ó ní mi ò gbọdọ̀ gba nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bí mo bá sì máa kí i, kí n kúnlẹ̀ lókèèrè.

Lọ́jọ́ yẹn, ìfura di ariwo. Màmá mi mú okùn wá láti fi so ẹsẹ̀ mi. Ìyá náà gbà á, ó jù ú nù. Bàbá kan tó ń wa tírélà yọ abẹ. "Make we cut am, make the poison comot!" Ìyá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ má gé e, ẹ má so ó, ẹ má sì fẹnu fà á. Ẹ wá kẹ̀kẹ́. Ọsibítù ni oògùn rẹ̀ wà."

"Kí ló dé tẹ́ ò fẹ́ ká tọ́jú ọmọ mi?" Màmá mi fi igbe ta. "Kí lẹ mọ̀ nípa ejò yìí?"

Ìyá náà dá a lóhùn pé, "Nígbà tí ejò bu ọmọ tèmi ṣán, èmi náà gé e. Mo so ó, mo fi ewé dì í. Nígbà tí mo máa fi gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Ẹnì kan sáré lọ pe kẹ̀kẹ́ wá. Ìyá Alápò fúnra rẹ̀ ló bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ mi kí ẹsẹ̀ tó wú mọ́ ọn, ó sì gbé mi sórí itan nínú kẹ̀kẹ́. Màmá mi jókòó tì wá, kò gbójú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ni wọ́n fún mi. Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n gé mi. Mo yè.

Ìfura ò kú ṣá. Wọ́n ní, báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀? Kí oṣù tó parí, ó ti kó àpò rẹ̀ lọ sí Marine Beach. Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n pa paramọ́lẹ̀ méjì nínú koríko ẹ̀bá gọ́tà wa. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó rán ìwọ̀nyẹn.

Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí. Nígbà tí mo gbọ́n tó láti wá a lọ, wọ́n ní ó ti kú.

Ọ́fíìsì kan ní Wharf Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí wọ́n bá yọ́ sọ fún mi pé kí n ṣọ́ra fún ẹnì kan, mo máa ń bi wọ́n pé, "Kí ló ṣe?" Ṣùgbọ́n nígbà míì, kí n tó bèèrè, ọkàn mi á ti gbà wọ́n gbọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.