Orúkọ Ọmọ Mi ní Igun Àwòrán

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì láyé ọjọ́un, ẹran adìyẹ ni wọ́n fi ń bọ́ wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí ayé wá le, bọ̀ọ̀lì kan ni èmi àti ìyàwó mi ń pín jẹ lọ́sàn-án, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjàpó, l'Ákùúrẹ́. Ọmọbìnrin wa fi kọ̀ǹpútà yà wá bẹ́ẹ̀, ó sì gbé àwòrán náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ìwọ tí o fi odidi oṣù yà á?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá mi, ẹni tí kò lówó náà lójú.”

Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ẹ mú un, ẹ pín in fún ẹni tó bá wù yín, kí ẹ má ṣáà yọ orúkọ mi. Orúkọ náà wà ní igun ìsàlẹ̀, tín-ín-tín bí èèrà.

Kò pẹ́ tí àìsàn fi mú un lọ. Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ni wọ́n lọ sin ín. A kò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Igun àwòrán yẹn nìkan ni ibi tí mo ti lè lọ ka orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a lọ síbi ìgbéyàwó kan nílùú Oǹdó. Wọ́n pín kàlẹ́ńdà fún wa. Àwa rèé lórí rẹ̀, àti bọ̀ọ̀lì wa. Mo wo igun: ó ṣófo. Ṣùgbọ́n orúkọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé wà nísàlẹ̀, gàdàgbà. Mo wá ibẹ̀ lọ.

“Ọmọ mi ló ya àwòrán yìí,” ni mo sọ fún atẹ̀wé náà. “Ó ní kí ẹ mú un. Kí ló dé tí o fi yọ orúkọ rẹ̀?”

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rí i lójú òpó ọmọ yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn èèyàn ń dárò wọn. Kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó sì ni. Ta ni yóò gbé orúkọ ọ̀dọ́ tó kú kọ́ sára ògiri ìyàwó tuntun?”

Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni, èmi náà ì bá ní kí ó yọ ọ́.

Nílé, ìyàwó mi tẹ́ kàlẹ́ńdà náà sórí itan rẹ̀, ó na báírò sí mi.

“Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ kọ ọ́ kékeré, bí òun ṣe máa ń kọ ọ́.”

Mo rọra kọ ọ́ sí igun. Ó tóbi jù.