Ọjọ́ Tí A Wá Tọ́pẹ́ Dé Onípáànù

Àárọ̀ ọjọ́ tí ogun wọ ìlú wa, edé ni mò ń tẹ́ sórí pẹpẹ iná. Ọmọníyì ọkọ mi ti ti ojú omi bọ̀, ó ń tú àwọ̀n. Bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé ìrèké fún Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin wa, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìlàjẹ ni wá. Etí omi là ń gbé, ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ wa, ìró ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àjèjì létí wa. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn. Bàbá dá ọ̀bẹ dúró. Ó ní, "Ọmọníyì, àwọn yẹn kì í ṣe apẹja."

Ìbọn ló tẹ̀ lé e.

Mi ò ní dárúkọ àwọn tó wá. Aládùúgbò wa ni wọ́n, inú omi kan náà la ti jọ ń pẹja kó tó di pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti epo dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tiwa náà lọ sí ìlú tiwọn, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ò bá ogun yẹn láyé, ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má fi kórìíra ẹnikẹ́ni.

Ìyá ọkọ mi gbé Tọ́pẹ́ mọ́ra, ó bẹ́ sínú ọkọ̀ kan tó ń kọjá. Ọkọ̀ náà ti kún. Mo nawọ́, ọwọ́ mi ò tó o. Ìyá kígbe pé, "Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn!" Ọkọ̀ sì lọ.

Ọmọníyì bẹ̀rẹ̀ kó lè pọn bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá ti wú láti ọjọ́ pípẹ́, kò lè rìn, ó sì sanra. Ó ti ọmọ rẹ̀ dànù. "Mú ìyàwó rẹ, kí o máa lọ. Lọ wá ọmọ rẹ."

A lúwẹ̀ẹ́ dé inú igbó tó wà lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ la wà tí a fi rí iná. Ibẹ̀ náà la ti rí ohun tí wọ́n ṣe fún Bàbá lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Ọmọníyì ki eyín bọ apá ara rẹ̀ kó má baà pariwo. Àpá náà ò tíì parẹ́.

Nínú igbó yẹn, akàn tútù la jẹ. Omi oníyọ̀ ló yí wa ká, èyí tó ṣeé mu ni omi òjò tí a fi ewé gbà. Ẹ̀fọn jẹ wá débi pé ojú Ọmọníyì wú. Bí ìbọn bá dún, a ó rì sínú omi dé ọrùn. Bó bá dákẹ́, a ó tún máa gbọ́ ọ nínú etí wa. Nígbà tó yá, àwọn apẹja kan gbé wa dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti forí lé Bàrígà, ní Èkó. Obìnrin kan ní òun rí ìyá àgbà kan tó gbé ọmọbìnrin dání. Kò mọ orúkọ wọn. Ìyẹn náà tó fún wa. A bá ọkọ̀ tó ń kó ẹja gbígbẹ lọ.

Èmi àti Ọmọníyì ò dé Èkó rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ bá wa lórí ọ̀sà, mo rí èéfín tó bo etí omi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rò pé ogun ti ṣíwájú wa dé ibẹ̀. Ọmọníyì fa èéfín náà símú.

"Ẹja ni," ó ní. "Ẹja ni wọ́n ń yan."

Bí a ṣe gúnlẹ̀, èdè ilé wa la kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ṣe gbé pupurú àti ọbẹ̀ fún wa láìbéèrè orúkọ wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Èkó ò mọ pupurú. Ẹ̀gẹ́ tí a yan lórí iná tí a sì rò ni, òun la fi dàgbà. Òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú.

Bàbá náà ní, "Ẹ jẹun ná."

"Ẹ ṣeun, bàbá," ni Ọmọníyì wí. "Ọmọ là ń wá. Ó wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ìyá ga, iná ti jó o lọ́wọ́ ọ̀tún rí."

Bàbá náà nawọ́ sí etí omi. "Wọ́n sọ̀kalẹ̀ níbí. Obìnrin Ẹ̀gbá kan tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wa ló mú wọn lọ sílé. Àlàájà ni. Ṣómólú ni wọ́n wà, ọkọ rẹ̀ ń tẹ ìwé. Ẹ gba ọ̀nà Pédírò, kí ẹ máa béèrè."

A sáré bu òkèlè díẹ̀, a sì dìde.

A ò ní bàtà. Títì ti gbóná, àwọn èèyàn sì ń rìn bí ẹni pé omi ló ń lé wọn. Nílé wa, bí o bá pàdé ọkọ̀ lójú omi, o gbọ́dọ̀ kí i. Mo ń kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé títí ẹnu fi gbẹ mí. Àwọn kan dáhùn. Àwọn mìíràn wo ẹsẹ̀ wa, wọ́n sì yà fún wa. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn sójà fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Rédíò ń pariwo ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, inú ìlú ń dùn. Ní Pédírò, obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ bi mí pé, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ fajúro? Sójà ń lọ o!" Lọ́dọ̀ tiwa, ogun ò tíì gbọ́ pé sójà ń lọ.

Nígbà tí a wọ àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ilẹ̀ ń mì tìtì. Ilé kan ò yọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ń dún gbàgà-gbàgà-gbàgà, kò dáwọ́ dúró. Létí mi, ìbọn ni. Mo fẹ́ padà. Ọmọníyì di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ìyá Tọ́pẹ́, wò ó. Ìwé ló ń jáde níbẹ̀. Ìwé lásán ni."

"Mo rí i," mo ní. "Má fi mí sílẹ̀ ni."

Kò fi mí sílẹ̀. A ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé títí a fi bá Àlàájà, tó ń ká kàlẹ́ńdà pọ̀ níwájú ilé. Ó wo ojú mi pẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni ìyá Tọ́pẹ́? Ojú kan náà lẹ ní."

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí.

Àlàájà ní wọn ò sí nílé. Ojoojúmọ́ ni Ìyá ń gbé ọmọ lọ sí Onípáànù, níbi tí àwọn tó ti ọ̀nà Ìkòròdú wọ̀lú ti ń sọ̀kalẹ̀, tí yóò máa wo ojú èèyàn. "Mo ní kó fi ọmọ sílẹ̀ fún mi, kò gbà. Ó ní bí òun ò bá tètè rí yín, ojú ọmọ yóò rí yín. Ẹ jẹ́ kí n bu oúnjẹ."

"Ẹ má bínú, mà," ni Ọmọníyì wí. "Ẹ júwe ọ̀nà fún wa."

Kò bá wa jiyàn. Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi wọ̀ mí.

Mi ò rí èrò tó tó ti Onípáànù rí. Ọ̀nà náà fẹ̀ ju odò wa lọ. Mo ń wo ojú gbogbo obìnrin tó bá ga, ojú mi sì ń ṣú. Ibẹ̀ la wà tí ìró fi dún gbàù, gbàù, gbàù lẹ́yìn wa.

Nígbà tí mo padà mọ ara mi, abẹ́ tábìlì oníṣòwò kan ni mo wà, mo dojú bolẹ̀, Ọmọníyì sì wà lórí mi. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. "Bángà ni o!" ni oníṣòwò náà ń wí. "Bángà Kérésì ni wọ́n ń yìn, inú wọn ló dùn." Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á gbọ́. Mo ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń rí, ẹsẹ̀ àìmọye tó dúró láìbẹ̀rù. Láàárín àwọn ẹsẹ̀ yẹn, lódìkejì, mo rí ọmọ kan tó dojú bolẹ̀ bíi tèmi, tó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Ìyá àgbà kan dọ̀bálẹ̀ lé e lórí.

Mo rá bàbà kọjá láàárín èrò. Wọ́n tẹ̀ mí lọ́wọ́, mi ò mọ̀.

"Tọ́pẹ́."

Ó gbójú sókè. Ó ti rù. "Ìyá, wọ́n tún ti dé," ó wí fún mi.

"Wọn ò dé. Èmi ni mo dé."

Ìyá dìde jókòó. Ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ kan ojú wíwú Ọmọníyì tó ti tẹ̀ lé mi débẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn wa, bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Bàbá yín dà?"

Ọmọníyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá rẹ̀ lórí kọnkéré. Ìyá mirí lẹ́ẹ̀kan. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di inú gírígírí.

"Dìde," ó ní. "Ọmọ ò tíì jẹun."

A rìn padà sí Ṣómólú. Nígbà tí a jókòó sídìí oúnjẹ, ọkọ Àlàájà pa ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí wa. Bí ẹ̀rọ ṣe dákẹ́, a gbọ́ bí Tọ́pẹ́ ṣe ń jẹun.

A ò padà sílé mọ́. A kọ́ pẹpẹ iná tiwa sí etí omi Bàrígà, ẹja yíyan la sì fi rán Tọ́pẹ́ níléèwé. Títí Ìyá fi kú, kò bi wá léèrè bí wọ́n ṣe pa ọkọ òun.

Obìnrin kan wà tí pẹpẹ tirẹ̀ sún mọ́ tèmi. Láti apá kejì omi ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn tó bá wa jà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kíkí nìkan ló wà láàárín wa. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, ó dúró tì mí. Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò ti ogun yẹn bọ̀."

Mo ní, "Bàbá ọkọ mi náà ò bọ̀."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó di etí tapólì kan mú, mo di ìkejì, a fà á bo ẹja tèmi àti tirẹ̀.