Gèlè Àníkẹ́ Lójú Kámẹ́rà

Ìtàn mi kò balẹ̀ sórí ẹranko, kò balẹ̀ sórí ọba. Orí Àníkẹ́ ló balẹ̀ sí, opó akọ̀wé rélùwéè kan tó ń gbé Awkunanaw, ní Enugu, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Àníkẹ́ bí, Oyèdélé. Fọ́tò ló ń yà. Ìyàwó tuntun, ọmọ ìkókó, ìwọ̀nyẹn yé ìyá rẹ̀. Àmọ́ bí òjò alẹ́ bá ti ṣú dẹ̀dẹ̀, tí adìẹ pàápàá ti wọlé, ìgbà náà ni Oyèdélé á gbé kámẹ́rà àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró síta. Mọ̀nàmọ́ná ló fẹ́ yà.

Florence onílé wọn á yọjú lójú fèrèsé. "Mama Dele, your pikin wan snap God?"

"Abeg, ask am for me!"

Àníkẹ́ á yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ohun tí gbogbo ayé ń sá fún, ìwọ ń yà á. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Màámi, ẹ fara balẹ̀. Bí mo bá ti rí ẹyọ kan péré tó dára, mo ṣíwọ́."

Nítorí ẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ̀, kì í dúró ti irin náà. Á ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ nínú òkùnkùn, á wọlé wá jókòó, á máa retí.

Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ Àníkẹ́, bí àrá bá ń kùn, dígí kì í wà níhòòhò. Aṣọ ni wọ́n ń dà bò ó, nítorí mọ̀nàmọ́ná kì í rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí kó má yà wá kí onílé. Kí wá ni ojú kámẹ́rà, bí kì í bá ṣe dígí? Àníkẹ́ á ní òun fẹ́ gbé báàfù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bó bá jáde, á tú gèlè, á fi bo kámẹ́rà. Kí ọmọ tó jáde wá gbé kámẹ́rà wọlé, á ti ká a.

Fọ́tò á jáde, dúdú bí ìdí ìkòkò. Oyèdélé á tún máa retí òjò mìíràn.

Títí alẹ́ ọjọ́ kan tí mọ̀nàmọ́ná kọ nígbà tí gèlè ṣì wà lọ́wọ́ Àníkẹ́.

"Màámi, ta nìyí?"

Nínú fọ́tò tó nà sí i, mọ̀nàmọ́ná ta gbòǹgbò lójú ọ̀run. Obìnrin kan dúró lábẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó na aṣọ sókè bí ẹni tó ń pè é wálé. Èmi tí mò ń lé e lọ, ni Àníkẹ́ rò, báwo ni mo ṣe dà bí ẹni tó ń pè é?

"Dígí ni mò ń bò, kó má baà pa ọ́."

Oyèdélé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ wá ń sọ fọ́tò mi di dúdú, tẹ́ ẹ ń dá mi padà síta láti ọjọ́ yìí wá!"

"Ẹyọ kan nìyí. Ṣíwọ́."

"Ẹyọ tó dára ni mo wí, Màámi. Orí yín bo ìdajì rẹ̀."

Òjò mìíràn ṣú. Àníkẹ́ dúró níwájú kámẹ́rà, gèlè lọ́wọ́. Bí òun bá bò ó, ọmọ òun á tún jáde lọ́la. Bí òun kò bá bò ó ńkọ́, tí mọ̀nàmọ́ná bá yà wá? Àrá kùn. Ó fi kámẹ́rà sílẹ̀ láìbò, ó yí padà wọlé, ó da gèlè bo Oyèdélé lórí.

"Màámi, kí lèyí?"

"Jókòó jẹ́ẹ́. Kò yé èmi náà."