Ẹja Tí Sùrájù Yà sí Ẹbúté Èrò

Bí ẹ bá rí màlúù tó ń rẹ́rìn-ín lára pátákó alápatà ní Ìsàlẹ̀ Èkó láyé ìgbà yẹn, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó yà á. Sùrájù ni. Adìyẹ tó káwọ́ mọ́ ìbàdí bí ìyàwó tuntun lára pátákó àwọn tó ń ta ẹyin l'Ókè Àrin, Sùrájù náà ni. Kò sí ẹran tí ọkùnrin yìí yà rí tí inú rẹ̀ kò dùn pé wọ́n fẹ́ pa òun. Bí iṣẹ́ ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn: yóò fi ọ̀dà tó ń dán bu ọ̀rá sí ẹran náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò kán funfun tíńtín sí i lójú kó lè máa wò yín, bí àyè bá sì ṣẹ́ kù ní igun pátákó, yóò fi tòmátì méjì àti àlùbọ́sà dí i. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ pé: Ẹ WÁ BÁ SÙRÁJÙ NÍ AGBOOLÉ TÌJÁNÍ. Tìjání ni ó bí bàbá rẹ̀. Ìbáà jẹ́ pátákó alápatà, ìbáà jẹ́ ti onígbàjámọ̀, ìlà yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ó sì máa ń tóbi ju orúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá lọ.

Ènìyàn kúkúrú ni, ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, ọ̀dà kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Àlímọ̀t ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá jí láàárọ̀, dígí ni òun kọ́kọ́ ń wò, kó má lọ jẹ́ pé ọkọ òun ti ya tòmátì sí òun létí.

Lọ́dún tó ṣáájú ìbò June 12 ni Àǹtí Ẹniọlá wá a wá. Tíṣà ni Àǹtí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ilé-ìwé kan nítòsí CMS ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mélòó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀dá kan tó máa ń ti òkun wọ inú ọ̀sà wa. Dọ́fínì ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Àwọn apẹja Ẹbúté Èrò kò mọ dọ́fínì. “Ẹja tó ń mí” ni tiwọn, bí wọ́n bá sì rí i, ọbẹ̀ ni wọ́n rí.

“Kì í ṣe ẹja rárá, Ọ̀gá Sùrájù,” ni Àǹtí wí. “Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná bíi tiwa. Ó ń lóyún, ó ń bímọ, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó sì ti fẹ́ tán.”

“Ọmú kẹ̀? Nínú omi? Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá a wẹ ọmọ?”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Tí ẹ bá rí i, ẹ ò ní lè rẹ́rìn-ín mọ́.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí mú un wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan, wọ́n kọjú sí ìhà ibi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ títí oòrùn fi ń ta Sùrájù lórí. Ló bá gbọ́ “fúù” lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, bí ìgbà tí arúgbó bá sọ ẹrù kalẹ̀ tó mí kanlẹ̀. Ẹ̀yìn aláwọ̀ eérú kan yọ lójú omi, ó dán, ó tún rì. Ẹ̀yìn kékeré kan yọ tẹ̀ lé e, ó fara ti ìyá rẹ̀ tímọ́tímọ́, òun náà mí: “fù”. Sùrájù nawọ́ sí wọn lójú omi. Nígbà tí wọ́n padà dé Ẹbúté Èrò, ó búra fún Àǹtí pé òun á ya pátákó kan tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìyá yẹn àti ọmọ yẹn láéláé. Àǹtí kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kó wà lára rẹ̀ fún un: Ẹ má pa mí. Mo ń mí bíi yín. Ọmọ mi ń mu ọmú bíi tiyín. Ó wá wọkọ̀ lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Iléṣà, ó fi iṣẹ́ náà sọ́wọ́ Sùrájù.

Ìfẹ́ tí Sùrájù fi ya ẹja yẹn, kò fi fẹ́ Àlímọ̀t bẹ́ẹ̀. Ó bu ọ̀rá sí i. Ó jẹ́ kí ara rẹ̀ máa dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa á. Ó ya ẹ̀rín sí i lẹ́nu. Nígbà tó wá kù díẹ̀ kó ṣe tán, ó rí i pé igun kan ṣófo lápá ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ kò sì bi í léèrè kó tó ya tòmátì méjì àti àlùbọ́sà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ìlà tirẹ̀ gàdàgbà. Ọ̀rọ̀ Àǹtí ló wá kù, àyè kò sì sí mọ́. Ó há a sábẹ́ ìrù ẹja náà, tín-ínrín, bí èèrà tó tò lọ.

Àlímọ̀t dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán.

“Bàbá Nusrat, ẹja yìí mà sanra ju èmi tí mo bímọ fún yín lọ. Ó ku ìrẹsì.”

“Ìlara ń ṣe ẹ́,” ni Sùrájù dá a lóhùn, inú rẹ̀ ń dùn.

Wọ́n ri pátákó náà mọ́lẹ̀ létí omi. Gbogbo ẹni tó ń sọ̀ nínú ọkọ̀ ló ń dúró wò ó. Jíbrílù náà dúró. Apẹja ni Jíbrílù, òun àti Sùrájù jọ lọ sílé kéwú, wọ́n sì jọ jẹ ẹgba aáfà. Larubááwá nìkan ló lè kà, ó wá bi ọkùnrin kan tó ń kọjá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìlà tó hàn lọ́nà jíjìn ni ọkùnrin náà kà fún un: Ẹ wá bá Sùrájù ní Agboolé Tìjání. Jíbrílù mi orí. Ó ti rí Sùrájù àti obìnrin oníbàtà gogoro kan nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí, tí wọ́n ń nawọ́ sómi. Ó ti yé e. Òyìnbó kan ló rán obìnrin yẹn, ẹja ni wọ́n ń wá, ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n sì fi ṣe alárinà. Kò sí ohun mìíràn tí pátákó ẹran ń wí ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, Sùrájù gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Ó jáde pẹ̀lú búrọ́ṣì lọ́wọ́. Ọmọlanke ló bá níbẹ̀, èrò rọ̀gbà yí i ká, Jíbrílù dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Alárinà! Jáde wá wo ọjà rẹ. Òòyẹ̀ ni mo gbé e wá, kí òyìnbó yín má bàa sọ pé ó ti rà.”

Ó gùn ju ọmọlanke lọ. Okùn tí wọ́n fi so ó nírù ti gé e wọ ẹran, ibi tí oòrùn ti ń ta á lẹ́yìn sì ti ń bó. Ihò orí rẹ̀ là, ó mí: “fúù.” Ó pẹ́ kó tó tún mí. Ojú rẹ̀ kan wà lókè, ó ń wò wọ́n. Sùrájù mọ̀ pé kì í ṣe funfun tíńtín ló wà nínú ojú yẹn.

“Jíbrílù, dá a padà.”

“Padà síbo?”

“Sómi! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pé a fẹ́ rà á, a ní kẹ́ ẹ má pa á ni!”

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ní ká má pa á, ẹ wá ya tòmátì sí i?” ni obìnrin kan wí. “Ṣé kó fi tòmátì wẹ̀ ni?”

Nígbà náà ni omi ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ikùn ẹja náà. Ó funfun, ó ki, ó ń kán sórí pákó ọmọlanke. Gbogbo wọn sún mọ́ ọn, wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n gbé kọ́ọ̀bù wá, òun fẹ́ po tíì. Ẹ̀rín náà pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Sùrájù sáré lọ pọn omi nínú garawa, ó ń dà á sí i lára.

“Ẹ ṣeun, Ọ̀gá,” ni obìnrin yẹn tún wí. “Ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ ká tó gé e.”

Ó ju garawa nù, ó di ọmọlanke mú, ó fẹ́ dá tì í padà sétí omi. Ẹnì kankan kò bá a tì í. Ó tì í títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, ó kọjá ojúlé kan, ó kọjá èkejì, àwọn èrò ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó ń sáré ìje. Àfi gbàgà! Táyà kan kó sínú gọ́tà. Ọmọlanke dojú dé, ẹja náà sì fi ikùn balẹ̀ lórí ọ̀dà títì. Ó ké. Ohùn náà tín-ínrín, bí ìgbà tí wọ́n bá fi èékánná ha dígí. Lẹ́yìn ìyẹn, Sùrájù kò gbọ́ “fúù” mọ́.

Jíbrílù fi ọwọ́ kàn án. “O ti bà á jẹ́ fún mi. Ta ló fẹ́ ra òkú?” Kò sì fẹ́ gé ẹran sórí ìdọ̀tí, ló bá rán àwọn ènìyàn lọ sí Ẹbúté Èrò, wọ́n fa pátákó náà tu, wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Lórí àwòrán ara rẹ̀ ni wọ́n ti kun ún. Ẹ̀jẹ̀ bo tòmátì, ó bo ọ̀rọ̀ Àǹtí. Ẹ̀rín ẹnu ẹja tí Sùrájù yà nìkan ni kò bò dáadáa.

Jíbrílù mọ ẹ̀tọ́, nítorí náà ó gé ti Sùrájù lọ́tọ̀, ó fi rán sí i. Kí Sùrájù tó jí nínú oorun ìbànújẹ́ tó sùn, wọ́n ti fi se ọbẹ̀. Nusrat ọmọ rẹ̀ ń lá ìka.

“Bàbá, ó dùn bíi ti màlúù. Ṣé ẹ máa tún ya òmíràn?”

Nígbà tí Àǹtí Ẹniọlá ti Iléṣà dé, wọ́n ti sọ ohun gbogbo fún un kó tó kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Ó wo pátákó náà níbi tí wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, tí wọ́n sì fi í ti ògiri, ó ka ìlà gàdàgbà yẹn, ó wo tòmátì.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Sùrájù,” ló wí. “Ọjà yín tà.”

“Àǹtí, ọmọ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ta ló máa fún un lọ́mú? Ṣé ẹ̀yin ni?” Ó yí padà, ó lọ, kò sì tún wá.

Sùrájù fi ọ̀bẹ ha pátákó náà títí ó fi kan pákó funfun. Ohun tó rí lẹ́bàá gọ́tà ló yà síbẹ̀: ara tó bó, okùn tó wọ ẹran, omi ọmú tó ń ṣàn lórí títì, àti ojú yẹn. Ojú yẹn ló lo ọjọ́ tó pọ̀ jù lé lórí. Ní igun tí tòmátì máa ń wà, ó ya ọmọ kékeré kan tó dá nìkan wà. Ó kọ ọ̀rọ̀ Àǹtí gàdàgbà. Kò kọ orúkọ ara rẹ̀ rárá, ó sì lọ rì í padà mọ́lẹ̀ létí omi.

Wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí. Alápatà tó fi ṣe oníbàárà láti ọjọ́ pípẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Ìdúmọ̀tà. Ẹlẹ́yin Òkè Àrin ní òun kò fẹ́ kí adìyẹ òun máa sunkún sí oníbàárà lójú. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í gan nínú agolo. Àlímọ̀t kò fi í ṣe ẹlẹ́yà mọ́, èyí ló sì dun Sùrájù jù.

Ọ̀rọ̀ rí báyìí títí òjò fi lọ, tí ọyẹ́ fi dé. Jíbrílù wá já wọ àgbàlá lọ́jọ́ kan, ó ju òkìtì àwọ̀n kan lu Sùrájù láyà. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ là á láti òkè dé ilẹ̀.

“Ojú burúkú tí o yà yẹn ni! Ẹja tó ń mí kan kó sínú àwọ̀n mi, mo ń fà á wọ ọkọ̀, ó wò mí báyìí, ojú yẹn gan-an, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti la àwọ̀n. Ó lọ, gbogbo ẹja mi lọ! Ìwọ lo máa so ó. Bó o so ó, bó o jẹ ẹ́, kò kàn mí!”

Sùrájù di àwọ̀n náà mú. “Jíbrílù, ṣé kékeré ni?”

“Kékeré wo?”

“Ọmọ yẹn.”

Ìbínú Jíbrílù rọlẹ̀. Ó wo ilẹ̀. “Ńlá ni. Òkú ọmọ yẹn ti pẹ́ tó ti gúnlẹ̀. Ajá ló bá a létí omi kí n tó dé ibẹ̀.”

Àlímọ̀t gbé àpótí ìjókòó fún ọkọ rẹ̀, ó bá a fa àwọ̀n náà sórí itan.

“Bàbá Nusrat,” ló wí jẹ́jẹ́, “ẹ so ó dáadáa o. Ẹ má ya tòmátì sí i.”

Sùrájù wá ìdí okùn kiri nínú àwọ̀n tó lọ́ mọ́ra wọn. Kò so àwọ̀n rí láyé rẹ̀.